Ọ́kíìdì yín rọ, gbòǹgbò ẹ̀ sì ti jẹrà: bẹ́ ẹ ṣe lè jí i padà

Ẹ má tíì bomi rin ọ́kíìdì (orchid), ewéko olódòdó yín yẹn. Mo mọ̀ pé ohun tó ń wù yín láti ṣe nìyẹn, torí ewé tó rọ, tó hunjọ bí awọ ọwọ́ arúgbó, òùngbẹ ló jọ, òùngbẹ sì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí omi ò fi dé ewé? Ó lè jẹ́ pé ẹ gbàgbé ẹ̀ síbì kan, ẹ ò fún un lómi. Ó sì lè jẹ́ pé omi tẹ́ ẹ̀ ń fún un ti pọ̀ jù, gbòǹgbò ti jẹrà, kò wá sí ohun tó máa fa omi lọ sókè mọ́, kódà kí ìkòkò kún fọ́fọ́. Bákan náà ni ewé máa rí nínú méjèèjì. Nínú àwọn tí mo ti bá pàdé, èyí tí omi pa pọ̀ ju èyí tí òùngbẹ pa lọ, àkọ́kọ́ tí mo ní gan-an, èmi ni mo fi omi pa á: ewé rọ, mo bomi rin ín, ewé tún rọ sí i, mo tún fi kún un, nígbà tó yá mo di ewé mú báyìí pé kí n gbé e síbòmíì, gbogbo ẹ̀ bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò sí gbòǹgbò kankan nídìí ẹ̀.

Irú ọ́kíìdì tí wọ́n ń pè ní Phalaenopsis ni mò ń bá wí jù níbí o, èyí tí ewé ẹ̀ fẹ̀ tó sì nípọn, tí òdòdó ẹ̀ dà bíi labalábá, òun ló pọ̀ jù nílé àwọn èèyàn. Nínú igbó tó ti wá ní gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà, kì í sábà hù nínú ilẹ̀, ara igi ló máa ń dì mọ́. Kì í ṣe àfòmọ́ o, kì í mu nǹkan kan lára igi yẹn, ó kàn fi í ṣe ìjókòó ni. Gbòǹgbò ẹ̀ wà níta gbangba tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, òjò á rọ̀ sí i, kò ní pẹ́ tó fi máa gbẹ. Ohun funfun tẹ́ ẹ̀ ń rí lára gbòǹgbò yẹn dà bíi kànìnkànìn, velamen lorúkọ ẹ̀, kíá ló máa ń fa omi mu, á wá rọra fi ránṣẹ́ sínú. Tí kànìnkànìn yìí bá wà nínú omi tọ̀sán tòru, atẹ́gùn ò ní ráyè wọlé, gbòǹgbò á kú, èbu àti bakitéríà á wá bá a parí ẹ̀. Àwọn ọ́kíìdì míì, bíi Cattleya àti Oncidium, ní ìdí wíwú tí wọ́n ń fi omi pamọ́ sí, Phalaenopsis ò ní irú ẹ̀, inú ewé àti gbòǹgbò ló ń fi tiẹ̀ sí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ewé ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pariwo.

Ẹ yọ ọ́ jáde, kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, kò sóhun tó lè rọ́pò ẹ̀. Ẹ má fi ewé fà á. Ẹ rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ ike náà yípo kí nǹkan inú ẹ̀ lè tú, kẹ́ ẹ wá ti ìsàlẹ̀ tì í sókè. Tó bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ gé ike náà, ike ò ní ẹ̀mí. Tí gbòǹgbò bá lẹ̀ mọ́ èèpo igi kan lára èyí tí wọ́n fi gbìn ín dípò iyẹ̀pẹ̀, ẹ fi èèpo náà sílẹ̀ lára ẹ̀, torí bẹ́ ẹ bá já a, awọ gbòǹgbò ló máa bá a lọ. Ìyókù, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án dànù.

Ẹ wo àárín gbùngbùn gbòǹgbò yẹn dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ máa bá mọ́ọ̀sì (moss, ewéko gbígbẹ tó máa ń fa omi mu) kan níbẹ̀ tó dì gbagidi, nígbà míì ó máa ń wà nínú agbọ̀n ike kékeré, àtìgbà tó ti wà ní kékeré lọ́wọ́ àwọn tó gbìn ín ni wọ́n ti fi síbẹ̀. Èèpo igi tó yí i ká á ti gbẹ tán, ẹ̀yin á rò pé ìkòkò ti gbẹ, ẹ ó bomi rin ín, bẹ́ẹ̀ àárín yẹn ṣì ń ro omi tótó. Mo ti ní èyí tí gbòǹgbò ìta ẹ̀ dá ṣáká, tí gbogbo ti inú sì ti di ẹrẹ̀. Ẹ fi ìka tàbí nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó rọra tú gbogbo ẹ̀ kúrò, ó lè gbà yín ní ìdajì wákàtí, ẹ má kánjú.

Ó wá kan títẹ̀ wò. Ẹ rẹ gbòǹgbò sínú omi fún bí ìṣẹ́jú 20 kẹ́ ẹ tó dájọ́, torí gbòǹgbò tó wà láàyè tí òùngbẹ kàn gbẹ lè pẹlẹbẹ kó sì dà bí òkú, tó bá ti mumi tán á wú padà. Ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ láti ìdí lọ dé ẹnu. Èyí tó wà láàyè le, bíi wáyà iná tí wọ́n fi rọ́bà bò, ẹ tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Èyí tó ti jẹrà máa rọ̀ jọ̀bọ̀, omi rẹ́súrẹ́sú á jáde níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá fà á awọ ẹ̀ á bọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, á wá ku okùn tín-ín-rín kan ṣoṣo sí yín lọ́wọ́. Èyí tí ọ̀gbẹlẹ̀ pa fúyẹ́, ihò ni inú ẹ̀, ó ń dún ṣàkàṣàkà. Ẹ má fi àwọ̀ dájọ́ o! Gbòǹgbò tí kò rí ìmọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí lè pupa rúsúrúsú bí ara èèpo igi tó wà láàárín ẹ̀, kó sì le koko. Ìka ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, ẹ fi ojú sílẹ̀.

Gígé

Ẹ fi sípíríìtì ìdá 70 nínú 100 nu ẹnu sísọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Tó bá ju ọ́kíìdì kan lọ tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú, ti sípíríìtì ò tó, ẹ fi ẹnu sísọ́ọ̀sì sára iná láàárín ọ̀kan sí ìkejì kó gbóná dáadáa, torí àwọn fáírọ́ọ̀sì kan wà, Cymbidium mosaic virus ọ̀kan, tó ń bá omi ara ewéko rìn lẹ́nu ọ̀bẹ láti ara ọ̀kan bọ́ sí ara òmíì, kò sì sóògùn tó ń wò wọ́n.

Gbogbo ohun tó rọ̀ àti ohun tí ihò wà nínú ẹ̀, ẹ gé e dànù títí dé ibi tó le. Gbòǹgbò tí ìdajì ẹ̀ jẹrà tí ìdajì ẹ̀ le, ẹ fi ìdajì tó le sílẹ̀, bó ṣe ìka kan péré. Mo máa ń fi okùn tín-ín-rín àárín yẹn méjì mẹ́ta sílẹ̀ nígbà míì, kì í ṣe pé ó ń mumi mọ́ o, mo fi ń di ewéko náà mú nínú ìkòkò ni kó má baà máa mì, torí èyí tó ń mì, gbogbo ẹnu gbòǹgbò tuntun tó bá yọ ló máa ń ha èèpo igi.

Bákan náà, àwọn awọ gbígbẹ tó ṣẹ́kù níbi tí ewé àtijọ́ ti já kúrò nídìí ẹ̀, ẹ rọra bó wọn. Abẹ́ ẹ̀ ni kòkòrò funfun bí òwú máa ń sá pamọ́ sí, abẹ́ ẹ̀ náà ni ẹ ti lè rí kókó kéékèèké aláwọ̀ ewé tó ń wá ọ̀nà jáde, gbòǹgbò tuntun nìyẹn, ẹ má fi èékánná kàn án.

Ọ̀pá òdòdó ńkọ́? Ẹ gé e. Mo mọ̀ pé ó dùn yín. Òdòdó ń mu omi tí kò sí nílé, ewéko tó ń kú lọ á ṣì máa bọ́ ọ. Ẹ gé e síbi tó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì jìnnà sí ìdí, ẹ kó òdòdó ẹ̀ sínú ife omi lórí tábìlì, ẹ ó ṣì máa rí i wò. Ewé ní tiẹ̀, ẹ má gé ìkankan, bó ti wù kó rọ tó. Inú ewé yẹn ni omi àti oúnjẹ tó kù wà, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lè pọ́n kó sì gbẹ, ẹ fi sílẹ̀ kó dá já fúnra ẹ̀, àwọn tó kù ló ń fi í jẹun.

Lórí ọ̀rọ̀ oògùn ojú ọgbẹ́, àwọn kan máa da hydrogen peroxide, oògùn olómi tí wọ́n fi ń fọ ojú ọgbẹ́, lé gbogbo gbòǹgbò lórí, á máa hó yàà, inú wọn á dùn pé ó ń ṣiṣẹ́. Híhó yẹn kì í mọ èyí tó kú yàtọ̀ sí èyí tó wà láàyè, ó ń jó gbòǹgbò tó dáa náà lára, èmi ò lò ó mọ́. Sínámọ́ọ̀nù lílọ̀, ó dáa tẹ́ ẹ bá fi ìka kàn án sójú ibi tẹ́ ẹ gé nìkan, torí pé ó máa ń gbẹ nǹkan ni, tẹ́ ẹ bá wá bù ú sórí gbòǹgbò tó le, ohun tó kù ní omi lára lẹ tún ń gbẹ yẹn. Ká má parọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ síbi tí atẹ́gùn wà fún wákàtí mélòó kan kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, ìyẹn gan-an ti tó.

Mélòó ló kù?

Ẹ ka gbòǹgbò tó kù, torí ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tẹ̀ lé e wà lọ́wọ́ iye yẹn.

Tó bá jẹ́ pé ó pọ̀, tí gbogbo ẹ̀ sì le, a jẹ́ pé òùngbẹ lásán ni, ẹ ti bọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ìdajì wákàtí, ẹ fi èèpo igi tuntun gbìn ín, ẹ tún rẹ ẹ́ lọ́jọ́ mélòó kan sí i nígbà tí gbòǹgbò bá ti funfun padà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta ewé á ti ń le. Ẹ lè fò lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ omi nísàlẹ̀.

Tó bá ku méjì, mẹ́ta, tàbí àwọn kúkúrú mélòó kan, ìkòkò kékeré ni, kékeré gan-an, ike tó mọ́lẹ̀ gaara tí ihò pọ̀ nídìí ẹ̀. Àṣìṣe tí gbogbo ayé ń ṣe ni pé wọ́n á wo bí ewé ṣe fẹ̀ tó, wọ́n á wá ra ìkòkò tó bá ewé mu. Gbòǹgbò ni ìkòkò ń bá mu, ẹ̀yin ẹ̀ bá rí i tó jọ ẹni tó wọ bàtà ọmọdé, ó dáa bẹ́ẹ̀. Nínú ìkòkò ńlá, ohun tí kò sí gbòǹgbò tó máa mu omi ẹ̀ máa wà ní tútù ṣáá, jíjẹrà míì á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ po èèpo igi wẹ́wẹ́ mọ́ mọ́ọ̀sì sphagnum díẹ̀, èédú díẹ̀ náà ò burú, ẹ má kì í mọ́lẹ̀. Tí òkè bá wúwo jù tó fẹ́ ṣubú, ẹ fi igi tì í.

Tí kò bá wá ku nǹkan kan ńkọ́? Ó ṣì lè yè, tí ìdí ẹ̀ bá le tí àárín ewé, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, ò tíì dúdú tàbí kó rọ̀. Inú ọ̀rá ló ń lọ.

Bí wọ́n ṣe ń fi í sínú ọ̀rá

Ẹ rẹ mọ́ọ̀sì sphagnum sínú omi títí á fi rọ̀, ẹ wá fún un. Ẹ fún un gidi! Ẹ kó o sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ fún un títí tẹ́ ẹ bá tún fún un tí ẹ̀kán kan ò ní já sílẹ̀ mọ́. Tútù tó kù lára ẹ̀ yẹn ni a nílò, kì í ṣe omi. Ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ ọ̀rá ńlá kan tó mọ́lẹ̀, tàbí ike olómorí tó mọ́lẹ̀, kó nípọn bí ìka méjì, ẹ gbé ọ́kíìdì lé e kí ìdí ẹ̀ kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan mọ́ọ̀sì, ẹ má rì í mọ́ ọn. Ewé ò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara ọ̀rá tó lómi. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá kó wú, ẹ so ẹnu ẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rá ni pé atẹ́gùn ibẹ̀ lómi nínú débi pé ewé ò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù omi ara ẹ̀ mọ́, ẹ ti dí ibi tó ń jò, ó wá lè fi ìwọ̀nba tó kù lára ẹ̀ ta gbòǹgbò. Òru sì ni Phalaenopsis máa ń ṣí ihò ara ewé ẹ̀ láti mí, kì í ṣe ọ̀sán bíi ti ọ̀pọ̀ ewéko, ẹni tó bá ń wọ́n omi sí ewé lọ́sàn-án gangan pé òun ń ràn án lọ́wọ́, àkókò gan-an ti ṣì í. Omi tó bá sì rọra ṣàn sí àárín ewé tó dúró síbẹ̀ mọ́jú, ibẹ̀ ló ti ń jẹrà, tí ibẹ̀ bá ti lọ ewéko yẹn ò lè yọ ewé mọ́ láé, àfi tí oríire bá ṣe é tó bí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí. Ẹ fi wíwọ́n omi sílẹ̀. Tí omi bá ṣèèṣì kó síbẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tíṣù fà á mu.

Ẹ gbé ọ̀rá náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ò ti dé, lẹ́yìn kọ́tínnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí kó jìnnà díẹ̀ sí fèrèsé. Oòrùn ìdajì wákàtí péré nínú ọ̀rá tí wọ́n so ẹnu ẹ̀, bíbọ̀ ló máa bọ̀. Ìgbóná dígírì 20 sí 28 ló dáa jù, tó bá ti tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ gbòǹgbò ò ní yá. Ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ẹ ṣí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí atẹ́gùn tuntun wọlé, ẹ fi imú gbọ́ ọ. Mọ́ọ̀sì tó dáa máa ń rùn bí igbó lẹ́yìn òjò, tó bá ti ń rùn kíkan tàbí tẹ́ ẹ rí èbu, ẹ kó o dànù, ẹ fi tuntun sí i, ẹ wo ìdí ọ́kíìdì bóyá ó ti ń rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbàgbé ẹ̀. Apá tó le jù nìyí, torí ó lè tó oṣù kan, ó lè tó mẹ́ta, kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan. Èyí tí mo fi sínú ọ̀rá rí, ewé méjì ló ní, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún, ojoojúmọ́ ni mò ń yọ ọ́ wò, mo sì rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀. Ọjọ́ tí mo rìnrìn àjò tí mo fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo dé bá kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ẹ̀, ó tó orí ìṣáná, aláwọ̀ ewé, ó ń dán. Mi ò fọwọ́ kàn án, mo tún so ọ̀rá padà.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú gíláàsì ni wọ́n ń gbé e sí, omi díẹ̀ nísàlẹ̀ tí ìdí ọ́kíìdì ò kàn. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó bá lè máa pààrọ̀ omi déédéé. Èmi gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì, omi rùn, mo padà sídìí ọ̀rá.

Omi, ajílẹ̀, àti ohun tí ojú ń rí

Fún èyí tó wà nínú ìkòkò, ẹ má bomi rin ín torí pé ọjọ́ ti pé. Ẹ wo gbòǹgbò láti ara ike: aláwọ̀ ewé ni tó bá ti mumi, á funfun bíi fàdákà tó bá gbẹ. Ẹ gbé ìkòkò sọ́wọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bomi rin ín tán kẹ́ ẹ mọ bó ṣe wúwo tó, tó bá di pé ó fúyẹ́ bí ẹni gbé ìkòkò òfìfo, ó tó àkókò. Tí mọ́ọ̀sì bá wà nínú ẹ̀, ẹ ki igi tín-ín-rín kan bọ àárín ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó bá jáde pẹ̀lú ọ̀rinrin, ẹ dúró. Omi òjò ló dáa jù, kò fi bẹ́ẹ̀ ní iyọ̀ nínú. Ẹ da omi láàárọ̀, kó ṣàn jáde nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ sì da èyí tó bá dúró sínú ìkòkò ẹ̀ṣọ́ nù, torí ìkòkò ẹ̀ṣọ́ tí kò nihò yẹn ti pa ọ́kíìdì tí kò lóǹkà. Omi dídì tí wọ́n ní kí wọ́n máa gbé lé e lórí, ẹ fi sílẹ̀ jàre, inú igbó olóoru ni nǹkan yìí ti wá.

Ajílẹ̀, ẹ má tíì fi sí i. Ọ́kíìdì tí kò ní gbòǹgbò ò lẹ́nu tó máa fi jẹ ẹ́, iyọ̀ inú ẹ̀ á kàn jó èyí tó fẹ́ yọ ni. Ìgbà tí gbòǹgbò tuntun bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sára páálí bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, sórí gbòǹgbò tó ti tutù tẹ́lẹ̀.

Ẹ má tètè yọ̀ tẹ́ ẹ bá rí ewé tuntun ṣáájú gbòǹgbò. Ẹ̀rù ìyẹn máa ń bà mí díẹ̀, ohun tó kù nílé ló fi ń ṣe é, kò tíì sí ohun tó ń wọlé. Gbòǹgbò tí ẹnu ẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń dán, àwọ̀ ewé tàbí pupa díẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ máa retí. Ewé àtijọ́ tó ti hunjọ púpọ̀, ó lè le padà síbẹ̀ kí ìlà yẹn má parẹ́ mọ́, ẹ ò ṣe nǹkan tó burú, bí àpá ló rí. Ewé tó bá yọ lẹ́yìn náà lẹ máa fi mọ̀ bóyá ara ẹ̀ ti yá, ó lè kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ le.

Nígbà tí gbòǹgbò inú ọ̀rá bá ti tó méjì sí mẹ́ta tí wọ́n gùn tó ìka, ẹ má yọ ọ́ sígboro lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ewé tó ti mọ́ inú ọ̀rinrin lára á rọ padà láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ ṣí ẹnu ọ̀rá díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ṣí i tán lọ́sẹ̀ kejì, ẹ wá gbìn ín sínú ìkòkò kékeré bí mo ṣe sọ. Ẹnu gbòǹgbò yẹn rọrùn láti kán bí gíláàsì, ẹ rẹ ẹ́ sómi kó rọ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ wọlé, tó bá sì kán, ẹ má sunkún, ó lè yọ ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Òdòdó lè gba ọdún kan, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọ̀pá òdòdó bá ń jáde nígbà tí ewé tó le ò tíì pé mẹ́ta, ẹ gé e nígbà tó ṣì kéré. Èmi gé ti ọlọ́ràá yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo fi sílẹ̀, òdòdó mẹ́rin ló yọ lára ẹ̀, ọ̀kan wọ́ díẹ̀.